Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Kọ̀ǹpútà bá ń Pa Ẹ̀dà Ìpamọ́ Rẹ́ Fúnra Rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú jáde nínú àpò ìbéèrè lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé lórí, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) àti bó ṣe ń parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí àwọn tó kọ wọ́n ń ṣe kò jọra. Ti àkọ́kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ gùn jù, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ayàwòrán ni mí, Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkẹ́kọ̀ọ́yege àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ọdún Ọlọ́jọ́ ni mo sábà máa ń yà. Bí fọ́tò bá ti kún inú laptop mi, mo máa ń jẹ́ kí ètò tó ń ṣe backup kó gbogbo rẹ̀ sórí hard disk 2 TB lóru, lẹ́yìn náà ni n ó pa èyí tó wà lórí laptop rẹ́ kí n lè ráyè fún iṣẹ́ tuntun. Lọ́dún tó kọjá, hard disk náà kún, ètò náà sì dáwọ́ dúró. Ọmọkùnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà bá mi tò ó kí ó máa pa ẹ̀dà tó bá ti pẹ́ rẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n fọkàn balẹ̀. Lóòótọ́ kò kún mọ́. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, ìyá ìyàwó kan wá béèrè fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí mo yà ní èyí tó lé ní ọdún kan, mo sì wá a títí, n kò rí i lórí laptop, n kò rí i lórí hard disk. Ṣé hard disk ló bàjẹ́ ni, àbí fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́? Báwo ni mo ṣe lè tò ó tí kò fi ní máa kún, tí kò sì ní máa jẹ iṣẹ́ mi run? — Ayàwòrán, Mayfair, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Ayàwòrán wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, ó jọ pé kò sí ohun tó ṣe hard disk, kò sì sí ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ètò náà ṣe ló ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé iṣẹ́ méjì ni ẹ gbé lé hard disk kan ṣoṣo lọ́wọ́: ẹ̀ ń lò ó fún ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ sì tún ń lò ó bí ibùgbé àìnípẹ̀kun fún iṣẹ́ tí ẹ ti parí. Nígbà tí kò sí ohun tó ń pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì kò lè hàn. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn tan ìparẹ́ sí i ni ọjọ́ tí iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìsí ariwo.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ máa ń tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà ni: ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó bá wà lórí laptop ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá pa fódà ìgbéyàwó náà rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀dà ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣì ní in, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní in, àwọn tó bá sì tẹ̀ lé e kò ní ní in títí láé. Láti ìgbà náà lọ, inú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ nìkan ni fódà yẹn ń gbé. Bí àkókò àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí bá ti ń pé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètò sì ń yọ wọ́n kúrò, ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn bá lọ ni fódà ìgbéyàwó bá a lọ. Kò sí ètò tó mọ̀ pé fọ́tò ìyàwó níye lórí ju fáìlì tí ẹ fi dán printer wò lọ. Ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà nìkan ló ń kà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ó ṣe tò ó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ti ìyá ìyàwó. Ẹ yọ hard disk náà lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí ètò náà tún kọ ohunkóhun sí i, nítorí pé ibi tí ìparẹ́ ti sọ di òfo ni nǹkan tuntun yóò jókòó sí. Ẹ pa ìlànà ìparẹ́ náà, kí ẹ tún so hard disk mọ́ laptop, kí ẹ wá ṣí ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́ kù láti inú ètò náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá memory card tí ẹ fi ya ìgbéyàwó yẹn. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti ṣe format rẹ̀ (ìyẹn nínu inú rẹ̀ nù), ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec, tó máa ń rí fọ́tò tí nǹkan mìíràn kò tíì bò mọ́lẹ̀ yọ. Orí ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ kó ohun tó bá rí sí, ẹ má kó o padà sórí card kan náà. Ibi kẹta tí mo máa ń rán àwọn ayàwòrán lọ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wọn tẹ photobook, nítorí pé fáìlì oníbàárà máa ń pẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ irú wọn, kì í ṣe pé wọ́n ní ìlànà kan, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tó ráyè pa á rẹ́.

Ó wá kan títò. Ẹ ra hard disk kejì fún iṣẹ́ tó ti parí nìkan, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìparẹ́ kankan dé orí rẹ̀. Ìgbà tí fódà kan bá ti wà lórí hard disk yìí, tó sì tún wà níbòmíràn, ni ẹ tó lè pa á rẹ́ lórí laptop. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní 3-2-1, tí Peter Krogh, ayàwòrán bíi tiyín ní Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ káàkiri: kí nǹkan tó bá ṣe pàtàkì wà ní ẹ̀dà 3, lórí irú ẹ̀rọ 2, kí 1 nínú wọn sì wà ní ibi tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ilé yín bá wà ní Òpá tàbí ní apá ibòmíràn ní ìlú, ẹ gbé ọ̀kan síbẹ̀. Iná tàbí olè tó bá wọ Mayfair kò ní bá yín délé.

Hard disk ti ẹ̀dà ìpamọ́ ni ìparẹ́ wà fún. Ìdí tó fi kún nígbà yẹn kò ṣòro láti mọ̀. Bí iṣẹ́ tó wà lórí laptop bá tó 300 GB, tí ètò sì ń da gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà 6 péré ni hard disk 2 TB (nǹkan bí 2,000 GB) lè gbà, èkeje kò ní wọlé. Àwọn ètò tó mọ iṣẹ́ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ kọ. Láti ọjọ́ kejì lọ, ohun tó bá yí padà tàbí tó bá jẹ́ tuntun nìkan ni wọ́n á mú. Bí ẹ bá ń ya 4 GB lójúmọ́, 300 GB yẹn kò ní ju nǹkan bí 420 GB lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó sì ní ẹ̀dà ọgbọ̀n alẹ́ lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń dín ẹ̀dà kù ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yé. Kì í ṣe gígé ni, dídín ni, bí àgbẹ̀ ṣe máa ń tu díẹ̀ lára àgbàdo tó hù pọ̀ sójú kan kí ìyókù lè ráyè. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni pé kí ètò tọ́jú ẹ̀dà ojoojúmọ́ 7, ti ọ̀sẹ̀ 4 àti ti oṣù 12. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò ṣẹ́ kù nínú ẹ̀dà ọjọ́ méje. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹyọ kan nínú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju 23 lọ, síbẹ̀ ó nawọ́ dé ọdún kan sẹ́yìn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àṣìṣe tí ẹ ṣe lánàá, ẹ ó nílò ẹ̀dà tó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àṣìṣe oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ti ọjọ́ Ajé ni ẹ mú tàbí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Time Machine tó wà lórí kọ̀ǹpútà Apple ń ṣe irú rẹ̀ láìbéèrè: ẹ̀dà wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 24, ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwọn oṣù tó ṣáájú, títí díìsìkì yóò fi kún, tí yóò wá máa yọ èyí tó pẹ́ jù. File History ti Windows yàtọ̀: bó ṣe wá láti ilé-iṣẹ́, kì í pa ohunkóhun rẹ́, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín yan iye ìgbà tí yóò fi máa tọ́jú wọn. Lára àwọn ètò ọ̀fẹ́, restic àti Borg ni mo fọkàn tán jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ títẹ̀ ni wọ́n ń gbà, tí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò fi nílò olùrànlọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nǹkan kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: wọ́n á pa ẹ̀dà 10 rẹ́, wọ́n á wo hard disk, àyè kò sì ní pọ̀ sí i. Fọ́tò kan tí kò yí padà ni irú ètò wọ̀nyí máa ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹ̀dà 23 yóò máa tọ́ka sí i. Bí ẹ̀dà 10 bá lọ, 13 tó kù ṣì ń tọ́ka sí i, nítorí náà kò lè kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú restic, àṣẹ forget kàn ń yọ orúkọ ẹ̀dà kúrò nínú ìwé ni; àṣẹ prune ló ń gbá ilẹ̀ tó wá ṣófo. Ní ti Borg, láti ẹ̀yà 1.2, lẹ́yìn prune, àṣẹ compact ni ẹ gbọ́dọ̀ fi gba àyè padà. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé ìlànà òun kò ṣiṣẹ́, yóò wọ inú fódà ẹ̀dà ìpamọ́, yóò sì fi ọwọ́ pa èyí tó tóbi jù níbẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Nínú ètò tó ń mú ohun tó yí padà nìkan, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó tóbi yẹn ni gbogbo ìyókù gbára lé, bí ó bá sì lọ, àwọn kéékèèké tó tẹ̀ lé e di ìwé tí kò ní ẹ̀yìn. Inú ètò náà nìkan ni kí ẹ ti máa pa á rẹ́.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín tò ó bóyá ọjọ́ orí ni ètò náà ń wò tàbí iye. Ìyàtọ̀ wọn lè bani lẹ́rù. Bí wọ́n bá ní kí ó pa gbogbo ẹ̀dà tó bá ti ju ọjọ́ 14 lọ rẹ́, tí yunifásítì wá lọ fún ìyanṣẹ́lódì, tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó padà dé, ètò yóò tan, yóò rí i pé gbogbo ẹ̀dà ti kọjá ọjọ́ 14, yóò sì gbá gbogbo wọn dànù. Bí ó bá jẹ́ pé iye ni, pé kí ó má jẹ́ kí ẹ̀dà dín sí 7, yóò dúró lórí 7 yẹn títí ẹ ó fi dé. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi iye ṣe ìpìlẹ̀, tí mo sì máa ń sọ fún ètò pé kí ó má pa nǹkan kan rẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun kò bá parí dáadáa. Iná tí wọ́n ń mú lọ lóru ní Ilé-Ifẹ̀ kò jẹ́ kí èyí jẹ́ àṣejù.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ìlànà tuntun ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó sọ ohun tí yóò pa rẹ́ láì tíì pa á. Nínú restic, --dry-run ni a ń fi kún àṣẹ náà. Yóò to àwọn tó fẹ́ tọ́jú àtàwọn tó fẹ́ yọ, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹ jókòó kà á. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ká ní ọmọkùnrin yẹn fi hàn yín lọ́jọ́ náà ni, ẹ ì bá ti rí ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn nínú àwọn tó ń lọ.

Ìbéèrè: Akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni mí ní Ìsọ̀kún, Iléṣà. Orí Excel ni ìwé owó wa wà, ètò kan sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lálaalẹ́, tó ń tọ́jú 7 tó kẹ́yìn. Nígbà tí a yẹ ìwé wò ní oṣù Kọkànlá, a rí i pé ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà lé orí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò èlé láti oṣù Kẹta. Gbogbo ẹ̀dà 7 ló ní àṣìṣe náà. Mélòó ló yẹ ká máa tọ́jú? Àwọn kan sì ń sọ pé ká tọ́jú gbogbo rẹ̀ títí láé. — Akápò, Iléṣà.

Ìdáhùn: Akápò wa, owó ẹgbẹ́ kì í ṣe fọ́tò. Fọ́tò tó bá bàjẹ́ ń hàn lójú lójú ẹsẹ̀; ìṣirò tó bàjẹ́ ń dúró de ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti ná àyè yín ni ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dà tó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ètò tọ́jú ti ọjọ́ 14, ti ọ̀sẹ̀ 8, ti oṣù 24, àti ti ọdún 7. Fáìlì Excel kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìwọ̀nyí kò fi ní kún fláàṣì kan. Ní ti ọdún 7 yẹn, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 tí a ń pè ní CAMA ní kí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6 láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Abẹ́ òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ìpínlẹ̀ ni tiyín wà, nítorí náà ẹ bi ọ̀gá tó ń bójú tó ẹgbẹ́ yín léèrè iye ọdún tí ó kàn yín. Ọdún 7 tí mo dárúkọ fún yín kò ní kéré sí ti CAMA.

Mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló kì í fẹ́ kí ìwé gbèsè sọnù, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ní títí láé yẹn kò dára. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní ọdún 2023 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tọ́jú ìsọfúnni ara ẹni kọjá ìgbà tí ìdí tí wọ́n fi gbà á bá ti tán, àwọn fáìlì yín sì kún fún nọ́ńbà BVN, àdírẹ́sì àti orúkọ onídùúró. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kúrò, tó ní kí ẹ yọ òun, ẹ kò lè máa wọ inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ fà á yọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí ẹ ń lò, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ibì kan, kí ẹ lè tún yọ ọ́ bí ẹ bá dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, kí ẹ sì sọ fún un pé ìlànà ìparẹ́ yóò kó ìyókù lọ nígbà tí ọjọ́ wọn bá pé. Ìlànà tó ní òpin nìkan ló jẹ́ kí ẹ lè fún un ní irú èsì bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Orí Google Drive ni gbogbo ìwé ìdánwò mi wà, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà mi dọ́gba nígbà gbogbo. Ǹjẹ́ mo tún nílò ẹ̀dà ìpamọ́? — Olùkọ́, Sábó, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò rẹ̀. Ohun tó ń bá ara dọ́gba, bí ẹ bá pa á rẹ́ níhìn-ín, ó ti parẹ́ lọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ohun tó bá wọ Trash (ibi tí ohun tí a pa rẹ́ ń lọ) lórí Google Drive ń parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 30. OneDrive, irú rẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, náà fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ ní ọjọ́ 30, ó sì fún ti ibi iṣẹ́ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ ní 93. Olùkọ́ tó pa ìwé ìdánwò rẹ́ láìmọ̀ ní ìparí táàmù, tó wá a nígbà tí ìsinmi gígùn parí, ti pẹ́ dé. Ẹ máa kó o sórí fláàṣì tàbí hard disk lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì yọ fláàṣì tàbí hard disk náà kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, tí yóò wá ní kí ẹ sanwó, kì í fi ohunkóhun tó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Nígbàkígbà tí iná bá lọ ní business centre mi ní Lágéré, ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi máa ń padà sí ọdún 2009. Ètò ẹ̀dà ìpamọ́ mi ń sọ pé iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i ní ọjọ́ kejì, ẹ̀dà àná kì í sí níbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń wà. — Oníṣòwò, Lágéré, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Bátìrì kékeré róbótó tó wà lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà yín ló ti kú, CR2032 ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀, ó sì wà lọ́jà lówó tí kò tó nǹkan. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ nígbà tí kò sí iná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dà yín ni pé ètò ń kọ ọdún 2009 sára ẹ̀dà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Nígbà tí ìlànà ìparẹ́ bá wá ń to àwọn ẹ̀dà láti orí tuntun dé orí àtijọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni èyí tó dára jù lọ yóò bọ́ sí, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kú, tí àwọn ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn yóò wà láàyè.

Ẹ pa ìparẹ́ náà ná. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí Windows máa gba aago láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun kan, ẹ ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta láti inú rẹ̀ kí ó dá yín lójú pé ó pé, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀dà kan tó ru ọdún 2009 bá ṣì kù, ẹ yọ ọ́ kúrò láti inú ètò, kì í ṣe láti inú fódà. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tan ìparẹ́ padà.